Àdúrà Ìyá Bọ́sẹ̀ ní Ìdógùn

Ẹ̀yin ará ilé, irọ́ ni mo pa fún yín nígbà tí mo ń lọ. Mo ní mo fẹ́ lọ sinmi lápá Ọ̀wọ̀, pé dókítà ló ní kí n lọ. Ẹ gbàdúrà fún mi, ẹgbẹ́ àwọn ìyá fún mi ní ìgò oyin kan, ẹ sì sìn mí dé ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí dókítà kankan. Ohun tí mo sọ níwájú ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi tí mo dé kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, nítorí ohùn mi kò jẹ́ kí n sọ jù bẹ́ẹ̀. Èyí ni ìyókù rẹ̀.

Ẹ ó rántí pé nígbà tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀, àlùfáà wa, fíkà, ní kí a máa jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Kò sí orin, kò sí ìwé kíkà. Kí kálukú kàn jókòó níwájú Ọlọ́run. Èmi lérídà yín, tí mo ń bá àlùfáà darí ìsìn, tí mo ti ń kọ́ àwọn tí bíṣọ́ọ̀bù máa gbọ́wọ́ lé lórí láti nǹkan bí ogún ọdún, n kò lè jókòó. Ọjọ́rú àkọ́kọ́, mo jáde lọ wo jẹnẹrétọ̀. Ọjọ́rú kejì, mo lọ wò ó bóyá òjò fẹ́ rọ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ṣì ń ràn. Ọjọ́rú kẹta, mo dúró ti jẹnẹrétọ̀ tí wọn kò tilẹ̀ tàn, mo sì mọ ohun tí mo ń sá fún. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, Àǹtí Bọ́sẹ̀ ni yóò wọlé wá jókòó tì mí.

Àwọn àgbà inú yín á rántí Àǹtí Bọ́sẹ̀. Òun ló ń kọ́ ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, nígbà tí mo jẹ́ igbákejì ọ̀gá níbẹ̀. Ọmọ Ìdógùn ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, nípìnlẹ̀ Oǹdó. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ìwé ìbéèrè ìdánwò bọ́ sọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Inú fẹ́sítìrì, yàrá tí àlùfáà ti ń múra, la kó àwọn ìwé náà sí, nítorí wọ́n ń kun ọ́fíìsì ọ̀gá. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ló mú kọ́kọ́rọ́ gbẹ̀yìn. Ó ní òun bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun sì tì í. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Èmi ni mo fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mo wọlé lọ mú ìwé orin mi, àwọn akọrin ń pè mí níta, mo sì jáde láì tì í. Ní ọjọ́ tí wọ́n jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè kankan. N kò parọ́. Mo kàn dákẹ́ ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń sọ ọ́ fún ara mi pé n kò parọ́.

Àwo fífọ̀ ní Ọ̀wọ̀

Ọ̀ghọ̀ ni àwọn onílé ń pe ìlú wọn, ohùn náà á gba ọ̀nà ọ̀fun jáde. Mo dé síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ara mi kún fún eruku. Ilé Màmá Dúpẹ́ ni mo wọ̀ sí. Òun àti ìyàwó mi jọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà èwe wọn. Ọmọ Ọ̀kà-Àkókó ni, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá sí Ọ̀wọ̀, ó fẹ́yìn tì síbẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì kú síbẹ̀. Òun nìkan ló ń gbé inú ilé ńlá náà.

Mo ti ní lọ́kàn pé oorun ọjọ́ kan péré ni mo máa sùn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò. Tí ilẹ̀ bá mọ́, mo á ní oòrùn ti pọ̀ jù, ó di ọ̀la. Tí ilẹ̀ bá tún mọ́, mo á ní ó yẹ kí n kọ́kọ́ bá Màmá Dúpẹ́ tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀ ṣe. Mo tún un ṣe. Mo gbá àgbàlá. Mo gé koríko. Obìnrin náà ń gún iyán fún mi láàárọ̀ àti lálẹ́, iyán tó funfun tó sì dẹ̀ bí òwú, pẹ̀lú ẹ̀gúsí tí kò fi ẹran pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbá tí láfún ti mọ́ lára kò lè jẹ iyán lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kó má sùn. Èmi kò rí oorun sùn.

Ní ọjọ́ kẹta ó wò mí bí mo ṣe tún mú ìgbálẹ̀.

“Bàbá Yẹmí, kí lẹ wá ṣe ní Ọ̀wọ̀?”

“Mo wá sinmi ni.”

“Ẹni tó wá sinmi kì í gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́.”

Mo gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó ní kí n wá bá òun fọ àwo. Mo wá rí i pé ó lẹ ìwé kan mọ́ ògiri lókè ibi ìfọwọ́, orúkọ ènìyàn ló kún inú rẹ̀: àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn aládùúgbò, dókítà kan tó ṣìwà hù sí i, obìnrin tó ń ta ata fún un. Tó bá ti mú àwo kan, orúkọ kan ló máa ń gbàdúrà fún títí àwo náà á fi mọ́. Kò pariwo, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, tí òun bá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ṣe ni òun ń sunkún, òun kò lè gbàdúrà. Bẹ́ẹ̀ sì ni èèyàn gbọ́dọ̀ fọ àwo.

“Ẹ mú tiyín,” ló wí, ó na àwo kan sí mi. “Ẹ gbàdúrà fún ẹnì kan.”

Mo mú un. Orúkọ kan ṣoṣo ló wá sí mi lẹ́nu. Mo fọ àwo náà, mo fọ̀ ọ́, mo tún fọ̀ ọ́, omi ń dà lọ. Màmá Dúpẹ́ rọra gbà á lọ́wọ́ mi, ó pa omi.

“Ibo ni onítọ̀hún wà?” ló béèrè.

“Ìdógùn.”

“Ọkọ̀ Ìdógùn máa ń tètè kún láàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n jí yín.”

Ẹnu ọ̀nà Ìyá Bọ́sẹ̀

Àwa mẹ́fà la wà nínú ọkọ̀ náà, ọ̀rọ̀ kò sì tán lẹ́nu wọn títí a fi dé ibì kan tí igbó ti dí lọ́tùn-ún lósì. Awakọ̀ pa rédíò nítorí àwọn ajínigbé. Gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó tẹ iná mọ́ ọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ títí a fi rí òrùlé. Ìgbà náà ni obìnrin tó jókòó tì mí ní, “Olúwa ṣeun,” wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ wọn lọ láti ibi tí wọ́n bá a dé. Fún wọn, bí wọ́n ṣe ń lọ sọ́jà nìyẹn.

Ní Ìdógùn, mo béèrè ilé lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń pọnmi. Ó gbé omi rẹ̀ kalẹ̀, ó gba báàgì mi, ó sì mú mi dé ẹnu ọ̀nà gan-an. Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ti ń kí mi, “o” ni wọ́n sì ń pè mí, àtọmọdé àtàgbà. Ní àkọ́kọ́ ó ṣe mí bákan, èmi tí irun mi ti funfun. Nígbà tó yá mo gbọ́ pé bí wọ́n ṣe ń bá baba tó bí wọn sọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Èdè wọn kò ní “ẹ” fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀rín músẹ́ àti orúnkún tí wọ́n ń tẹ̀ ni ọ̀wọ̀ wọn.

Ìyá Bọ́sẹ̀ jókòó síta, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́. Ó tó ẹni ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ sì mú. Mo kí i, mo ní Abẹ́òkúta ni mo ti wá, pé mo mọ Bọ́sẹ̀ níbi iṣẹ́.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀gúsí.

“Ìwọ la kọ́kọ́ rí láti ibẹ̀,” ló wí. Ó fi Yorùbá tí gbogbo wa ń sọ bá mi sọ̀rọ̀ nítorí àjèjì ni mí. “Ọdún mọ́kànlá. Mo rò pé wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́.”

Ó ní Bọ́sẹ̀ kò sí ní Ìdógùn. Arimọgija ló ń gbé, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé níbẹ̀, ó sì ń din gàrí. Ó máa ń wá ní Kérésìmesì àti ní Àjíǹde, ṣùgbọ́n kì í sùn mọ́jú. “Èmi náà ò mọ ohun tí mo ṣe fún un,” ni ìyá wí.

Kò jẹ́ kí n lọ lọ́jọ́ náà. Ó ní àlejò tó wá láti ọ̀nà jíjìn kì í wo ojú ọ̀nà kó tó wo ojú ọbẹ̀. Ó pa adìyẹ kan fún mi. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ó ń dùn mí títí di òní: ìyá náà pa adìyẹ fún mi. Mo jẹ ẹ́. Ó bi mí bóyá àwọn èèyàn Abẹ́òkúta ṣe dáadáa sí ọmọ òun kí nǹkan tó bàjẹ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ fún un. Inú rẹ̀ dùn pé lérídà ló máa sùn nílé òun.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó kan ilẹ̀kùn yàrá mi fún àdúrà. Àwa méjì péré ni. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹní, èmi náà kúnlẹ̀. Èdè Ìdógùn ló fi ń bá adìyẹ àti aládùúgbò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá inú Bíbélì ló fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Ó gbàdúrà fún ọba ìlú, fún òjò, fún àwọn tó wà lójú ọ̀nà. Ó gbàdúrà fún mi. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

“Baba, dárí ji Bọ́sẹ̀ ọmọ mi fún ohun tó ṣe ní Abẹ́òkúta. Má fi ẹ̀ṣẹ̀ náà lé e lọ́rùn. Dárí ji èmi náà, bóyá n kò kọ́ ọ tó.”

Mo ṣe àmín. Ẹnu mi ti ṣe é kí n tó mọ̀.

Gbogbo àárọ̀ ló ń gba àdúrà yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tó ń di ẹ̀gúsí sínú ọ̀rá fún mi pé kí n gbé e fún ọmọ òun. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo sì lọ. Lójú ọ̀nà ni mo tó gbà fún ara mi pé mo ti tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Nínú ilé ìyá rẹ̀, lórí orúnkún mi, mo tún dákẹ́.

Aago méjìlá ọ̀sán

Mo padà gba Ọ̀wọ̀, mo sì wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Ute. Láti Ute, ọlọ́kadà kan gbé mi, ọkùnrin kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Bàbá Fransísì lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìjọ Àgùdà ni, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà sì rọ̀ mọ́ ọwọ́ alùpùpù rẹ̀. Kókó àti ẹ̀gẹ́ ló wà lọ́tùn-ún àti lósì, eruku pupa ń bẹ lára ewé gbogbo. Mo fẹ́ kó yára. Mo tún fẹ́ kó má yára.

Lójijì, ní àárín ibi tí kò sí ilé, tí kò sí èèyàn, ó dúró. Ó pa ẹ́ńjìnnì. 

“Ṣé nǹkan bàjẹ́ ni?”

“Rárá. Aago méjìlá ti lù.” Ó ṣí fìlà. Ó sọ̀kalẹ̀, ó dúró sínú oòrùn, ó ya àmì àgbélébùú, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà tí àwọn ìjọ Àgùdà máa ń gbà lọ́sàn-án.

Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Ewé kan mì nínú igbó, mo rò pé èèyàn ni. Òógùn bò mí. Mo fẹ́ sọ fún un pé Ọlọ́run máa gbọ́ ọ bó bá ń gun alùpùpù lọ. Nígbà tó parí, ó dé fìlà rẹ̀.

“Ẹ̀rù ò bà ọ́ níbí?” ni mo bi í. Èmi náà ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

“Ó ń bà mí,” ló wí. “Tí n kò bá dúró lónìí torí ẹ̀rù, ọ̀la n kò ní dúró torí iṣẹ́. Mo mọ ara mi.”

Ó tan alùpùpù. Ó ṣe díẹ̀, ó yíjú sí mi. “Ìwọ gan-an, bí o ṣe ń gbọ̀n lẹ́yìn mi láti Ute, kì í ṣe ẹ̀rù igbó nìkan.”

Mo ní kó máa wojú ọ̀nà.

Arimọgija

Mo bá Àǹtí Bọ́sẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́yìn ilé, níwájú agbada gàrí. Ó ti sanra díẹ̀, ewú ti wà lórí rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó sì mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, igbá tó fi ń ro gàrí ń lọ, ó ń bọ̀.

“Ẹ káàbọ̀, sà,” ló wí. Kò gbàgbé “ẹ” tiwa. “Ẹ bọ́ sápá ibí, kí èéfín má yọ yín lẹ́nu. Mi ò lè fi í sílẹ̀, á jóná.”

Mo jókòó lórí àpótí. Mo gbé ẹ̀gúsí ìyá rẹ̀ kalẹ̀. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sínú ìwé, ó wà nínú àpò mi, n kò yọ ọ́. Mo ní, “Àǹtí Bọ́sẹ̀, èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn fẹ́sítìrì sílẹ̀.”

“Mo mọ̀, sà.”

Igbá ń lọ, ó ń bọ̀.

“Ẹ gbàgbé gíláàsì ojú yín sórí tábìlì,” ló wí. “Ẹ̀gbẹ́ àwọn ìwé ìbéèrè náà ló wà. Mo fi ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ kejì, ẹ ò rántí? Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé, mo sọ pé mo bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo ń wò yín. Bíbélì yín lẹ̀ ń wò.”

“Kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ mi?”

“Ta ló máa gbà mí gbọ́? Lérídà ni yín.” Ó da gàrí tó gbẹ sínú ọpọ́n, ó da tútù mìíràn sínú agbada. “Mo tún rò pé ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín. Mo dúró di oṣù mẹ́ta ní Abẹ́òkúta kí n tó kó ẹrù mi. Mo rò pé bóyá ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀.”

Mo sọ̀kalẹ̀ láti orí àpótí, mo dọ̀bálẹ̀ sínú eérú. Mo ní kó dárí jì mí.  Mo ń gbọ́ bí gàrí ṣe ń dún nínú agbada.

“Ẹ dìde, sà. Mo ti dárí jì yín lọ́pọ̀ ìgbà. Mo máa dárí jì yín láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán mo máa rántí nǹkan kan, inú á tún bí mi. Màá tún bẹ̀rẹ̀. Bí gàrí ló rí, tí ẹ bá dáwọ́ rírò dúró, ìsàlẹ̀ á jó.” Ó nu ojú rẹ̀, n kò mọ̀ bóyá èéfín ni. “Ti èmi àti ẹ̀yin kò le tó bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ sùn nílé ìyá mi?”

“Mo sùn níbẹ̀.”

“Ẹ gbọ́ àdúrà rẹ̀.”

“Mo gbọ́.”

“Ìdí tí mi ò ṣe ń sùn nílé ìyá mi nìyẹn. Mo sọ fún un pé mi ò ṣe é. Ó ní kí n má fi irọ́ kún un. Ó fẹ́ràn mi, ó sì ń bẹ Ọlọ́run nítorí mi lójoojúmọ́, àdúrà yẹn ló sì ń lé mi jáde nílé.” Ó wò mí tààrà fún ìgbà àkọ́kọ́. “Nígbà tó gbà á tán, kí lẹ sọ?”

Mo ní mo ṣe àmín.

Igbá dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Òórùn jíjó ti ń jáde nínú agbada.

“Ẹ padà lọ sí Ìdógùn,” ló wí. “Mi ò ní bá yín lọ. Tí mo bá wà níbẹ̀, èmi ni ẹ ó máa wò. Òun ni kí ẹ wò.”

Ìdógùn lẹ́ẹ̀kejì

N kò dúró ní Ọ̀wọ̀. N kò dé ọ̀dọ̀ Màmá Dúpẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá rí ìgbálẹ̀, mo á mú un.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé. Ìyá Bọ́sẹ̀ rí mi láti òkèèrè, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní kí n wá jẹun. Mo ní n kò ní jẹun, Màmá, títí ẹ ó fi gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀, ní gbangba, àwọn aládùúgbò ń wò. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ilẹ̀kùn, ìwé orin, ìpàdé, adìyẹ, àmín.

Kò kígbe. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé itan.

“Bọ́sẹ̀ kò ṣe é,” ló wí.

“Kò ṣe é, Màmá.”

“Ó sọ fún mi. Níbí yìí. Mo ní irọ́ ló ń pa.”

Ó dìde, ó wọ inú ilé. Mo wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, abọ́ oúnjẹ ló gbé dání, ó gbé e síwájú mi.

“Dìde kí o jẹun. Ebi kì í pa àlejò nílé mi. Ṣùgbọ́n má ní kí n gbàdúrà fún ọ. Mi ò lè ṣe é.”

Mo jẹ ẹ́. Kò sí oúnjẹ tó ṣòro gbé mì bẹ́ẹ̀ rí fún mi.

Ó ní kí n bá òun pe Bọ́sẹ̀ lórí fóònù mi. Gbólóhùn kan ló sọ fún un, ní èdè wọn, ó sì dá fóònù padà fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún kan ilẹ̀kùn mi. N kò rò pé á kàn án. A kúnlẹ̀. Ó gbàdúrà fún ọba, fún òjò, fún àwọn tó wà lójú ọ̀nà. Ó fò mí. Nígbà tó dé ibi tó ti máa ń dárúkọ Bọ́sẹ̀, ó dákẹ́. Mo gbọ́ àkùkọ lẹ́ẹ̀mejì. Orúnkún mi ń ta mí, mo fẹ́ dìde, mo fẹ́ lọ wo nǹkan kan níta, nǹkan yòówù. N kò dìde.

“Baba,” ló wí nígbẹ̀yìn, “ìwọ mọ̀. Ìwọ ń gbọ́ mi lójoojúmọ́, o ò sì sọ fún mi.”

Bó ṣe parí rẹ̀ nìyẹn. Kò ṣe àmín, èmi náà kò ṣe é.

Bọ́sẹ̀ dé kí oòrùn tó mú. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ìyá rẹ̀ lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí. Bọ́sẹ̀ sáré dì í mú lábẹ́ apá kí orúnkún rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Wọ́n dúró báyẹn, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Èdè wọn ni wọ́n ń sọ. N kò gbọ́ ju orúkọ Bọ́sẹ̀ lọ, ìyá náà ń pè é, ó tún ń pè é. Kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi, n kò sì béèrè. Mo gbé báàgì mi, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ síbi tí ọkọ̀ wà.

Ilé

Ẹ mọ ohun tó kù. Ẹ gbọ́ mi ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn. Fíkà ti gba aṣọ lérídà lọ́wọ́ mi, ó sì tọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ lẹ́tà sí Àǹtí Bọ́sẹ̀, wọ́n ka á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ, wọ́n sì ní kó padà wá. Ó fèsì pé òun dúpẹ́, òun kò ní padà. Àwọn kan nínú yín ti sọ fún mi pé ǹ bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àtijọ́ sùn. Àwọn kan kì í kí mi mọ́. Mo gbà á.

Ọkàn mi kò tíì balẹ̀ o, kí ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Mo ṣì máa ń dìde nídìí oúnjẹ láìnídìí. Ìyàwó mi, tí kò mọ nǹkan kan ní gbogbo ọdún mọ́kànlá náà, ń bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù mi dún láàárọ̀ kùtùkùtù. Nọ́ńbà Bọ́sẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohùn ìyá rẹ̀ ni mo gbọ́. Bọ́sẹ̀ ti sùn mọ́jú nílé, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn.

“Ìwọ ará Abẹ́òkúta,” ni ìyá wí.

“Màmá.”

“Mo dárúkọ rẹ nínú àdúrà láàárọ̀ yìí. Ó le. N kò mọ̀ bóyá màá lè dárúkọ rẹ lọ́la.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, Màmá.”

“Má tíì dúpẹ́,” ló wí, ó sì pa fóònù.